Bátìrì Lítíọ̀mù fún Iná Oòrùn: Bí A Ṣe Ń Tò Ó, àti Ibi Tó Yẹ Kó Gbé ní Woolwich àti Thamesmead

Bátìrì lítíọ̀mù fún iná oòrùn ni àkójọ sẹ́ẹ̀lì tó ń gba iná tí páńẹ́lì orí òrùlé ṣe lọ́sàn-án, tó sì ń tọ́jú rẹ̀ di alẹ́. Ẹ lè rà á ní títò. Ẹ sì lè ra sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tò ó fúnra yín. Ojú ewé yìí ṣàlàyé bí a ṣe ń tò ó, ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀, òfin tó dè é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ lè fi bá òbí yín tàbí oníṣẹ́ iná sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní Yorùbá.

A kọ ọ́ fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Woolwich, Plumstead, Abbey Wood àti Thamesmead ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ìdí méjì ló sábà máa ń mú ọ̀rọ̀ yìí wáyé nínú ilé. Èkíní ni owó iná tibí. Èkejì ni àwọn ará ilé ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti nǹkan bí ₦68 lọ sí ₦225 fún kWh kan, owó epo jẹnẹrétọ̀ náà sì ti gòkè tẹ́lẹ̀. Látìgbà náà ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń bèèrè lọ́wọ́ ọmọ wọn ní òkè òkun pé, "Ṣé ẹ ò lè bá wa wá bátìrì sólà?"

Ẹ kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ kan. Ní Yorùbá, "iná" ni èyí tó ń jó, "iná" náà ni èyí tó ń tan gílóòbù. A máa ń sọ pé "iná ti dé" nígbà tí ìjọba bá mú un wá, a sì máa ń sọ pé "iná sọ" nígbà tí ilé bá ń jó. Nínú ọ̀rọ̀ bátìrì, iná méjèèjì kò jìnnà síra. Ìdí nìyẹn tí ojú ewé yìí fi sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ibi tí ẹ máa gbé e sí.

Orúkọ rẹ̀ àti ìtàn rẹ̀

Ní ọdún 1817 ni Johan August Arfwedson, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Swídìn, rí lítíọ̀mù nínú òkúta kan. Nítorí ibi tí wọ́n ti rí i ni wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí òkúta. Òkúta tó ní lítíọ̀mù nínú wà ní Nàìjíríà, ní Nasarawa, ó sì wà nílẹ̀ Yorùbá ní agbègbè Ìjerò-Èkìtì.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ẹ máa rí lára àpótí rẹ̀ ni "ion". Ọ̀rọ̀ Gíríìkì lòun náà. Ó túmọ̀ sí ohun tó ń lọ. Michael Faraday ló mú un wọ inú ìmọ̀ iná ní 1834. Ní àkókò yẹn gan-an, Faraday ń kọ́ àwọn ọmọ ológun ní kẹ́mísírì ní Royal Military Academy, Woolwich, níbi tó ti ṣiṣẹ́ láti 1830 títí di 1851. Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń gbé Woolwich kò jìnnà sí ibi tí ẹni tó mú ọ̀rọ̀ náà wá ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn.

Ohun tó ń lọ yìí ló ń jẹ́ kí bátìrì ṣiṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì kan ní ẹ̀gbẹ́ méjì, pọ́sítíìfù (+) àti nẹ́gétíìfù (−). Nígbà tí ẹ bá ń fi iná sí i, àwọn ion lítíọ̀mù máa ń kúrò ní ẹ̀gbẹ́ pọ́sítíìfù, wọ́n á lọ fara pamọ́ sínú gíráfáìtì ní ẹ̀gbẹ́ nẹ́gétíìfù. Nígbà tí ẹ bá ń lo iná náà, wọ́n á padà síbi tí wọ́n ti wá. Àlọ àti àbọ̀ yẹn lè ṣẹlẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà kí sẹ́ẹ̀lì tó gbó.

Ní 1980, John Goodenough àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Oxford ṣe ẹ̀gbẹ́ pọ́sítíìfù tí wọ́n fi kóbáltì pò. Ilé iṣẹ́ Sony bẹ̀rẹ̀ sí í ta bátìrì irú rẹ̀ ní 1991. Ní àwọn ọdún 1990, Goodenough àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Texas tún fi irin àti fọ́sífétì rọ́pò kóbáltì. Èyí ni à ń pè ní LFP lónìí. Ní 2019, Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ bátìrì lítíọ̀mù.

Oríṣi méjì tí ẹ máa bá pàdé

1. Sẹ́ẹ̀lì olóbìrípo tó kéré, tí wọ́n ń pè ní 18650. Ìwọ̀n rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 18 mm, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 65 mm. Òun ló wọ́pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ àti kẹ̀kẹ́ oníná. Ó sábà máa ń jẹ́ 3.6 V, kì í sì í gbọdọ̀ kọjá 4.2 V.

2. Sẹ́ẹ̀lì LFP, tó dà bíi bíríkì. Ó jẹ́ 3.2 V. Kò gbọdọ̀ kọjá 3.65 V, kò sì gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 2.5 V lọ.

Fún ilé, LFP ni kí ẹ yàn. Ó wúwo ju ìkejì lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́, kì í sì í tètè gbaná bí èyí tó ní kóbáltì. Èyí kò túmọ̀ sí pé kò lè jó. Bí ó bá bàjẹ́ tàbí tí wọ́n fi iná kún un jù, ó lè tú afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gbaná jáde.

Àwọn kan máa ń tú bátìrì kọ̀ǹpútà tó ti kú, wọ́n á ṣa sẹ́ẹ̀lì tó ṣì dára nínú rẹ̀, wọ́n á sì so ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn pọ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kò mọ ọjọ́ orí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ẹ kò sì mọ ohun tó ti là kọjá. Kò yẹ nínú ilé tí ènìyàn ń sùn.

Ìṣirò: báwo ni bátìrì náà ṣe máa tóbi tó?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ẹ ń lò, kì í ṣe ohun tí ẹni tó ń tajà ní. Àpẹẹrẹ ilé kan láti alẹ́ di ọjọ́ kejì nìyí:

– Fíríìjì: nǹkan bí 1 kWh lójúmọ́.
– Tẹlifíṣọ̀n 100 W fún wákàtí 5: 0.5 kWh.
– Gílóòbù LED 6 tó jẹ́ 9 W, fún wákàtí 5: 0.27 kWh.
– Ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì 10 W fún wákàtí 24: 0.24 kWh.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 2 kWh. Kẹ́tù 3 kW tó hó fún ìṣẹ́jú 3 á fi 0.15 kWh kún un.

Ẹ wá wo bátìrì. Bí ẹ bá so sẹ́ẹ̀lì LFP 16 pọ̀ ní orí sí ìdí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 3.2 V àti 100 Ah, ìṣirò rẹ̀ nìyí:

16 × 3.2 V = 51.2 V
51.2 V × 100 Ah = 5,120 Wh, ìyẹn 5.12 kWh

Ẹ má lò ó tán. Bí ẹ bá lo ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kù 4.6 kWh. Inverter náà á jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ ka nǹkan bí 4 kWh sí èyí tó máa dé ibi ìlò. Ó tó fún ilé tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí, ó sì ṣẹ́kù.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ sẹ́ẹ̀lì 16, tí kì í ṣe 4? Sẹ́ẹ̀lì 4 jẹ́ 12.8 V. Bí ẹ bá fẹ́ fi gbé kẹ́tù 3,000 W, ó máa fa iná tó ju 230 A lọ nínú wáyà. Ní 51.2 V, nǹkan bí 59 A ni. Iná tó ń sáré nínú wáyà ló ń mú kí wáyà gbóná. Bó bá ti pọ̀ tó ni wáyà ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó. Sẹ́ẹ̀lì 4 dára fún àpótí kékeré tí ẹ máa fi kọ́ iṣẹ́: gílóòbù, fóònù àti rédíò.

Ẹ rántí ojú ọjọ́ náà. Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ọ̀sán oṣù kẹfà lé ní wákàtí 16, ti oṣù kejìlá kò sì tó 8. Bátìrì tó ń kún lójoojúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè má kún rárá láti ara oòrùn ní oṣù kejìlá. Nígbà náà, ohun tó kù ni kí ẹ fi iná òru tó dínwó kún un, bí ilé iṣẹ́ iná yín bá ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Ní Ìbàdàn, oòrùn kì í yí padà tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún, ṣùgbọ́n òjò àti ọyẹ́ máa ń dín in kù.

Àwọn ohun èlò

– Sẹ́ẹ̀lì LFP 16 tó jẹ́ irú kan náà, ọjọ́ orí kan náà, láti ọwọ́ ẹni kan náà.
– BMS, ìyẹn pátákó kékeré tó ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì. Ó ń wo ìwọ̀n fóòtì ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń já iná bí ọ̀kan bá kún jù, tó gbẹ jù, tó gbóná jù tàbí tó tutù jù.
– Ọ̀pá bàbà pẹlẹbẹ tó ń so sẹ́ẹ̀lì kan mọ́ ìkejì.
– Fíùsì Class T, àti ìjánu iná tí wọ́n ṣe fún iná bátìrì.
– Wáyà bàbà tó nípọn.
– Pátákó gíláàsì tí kì í gbé iná, láti fi sí àárín sẹ́ẹ̀lì.
– Míítà, sípánà tí wọ́n fi rọ́bà bò ní ọwọ́, àti sípánà tó ń ka agbára ìfúnpọ̀.
– Ẹ̀rọ tó ń fúnni ní iná ní ìwọ̀n tí ẹ bá yàn, fún ìmúdọ́gba.
– Inverter tó bá 48 V mu.

Ìjánu iná inú ilé kì í ṣe ti bátìrì. Iná ilé ń yí ojú padà ní 50 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ó máa ń dé òdo ní 100 ìgbà, ìjánu a sì rí àyè já a. Iná bátìrì kì í dé òdo. Bí ìjánu rẹ̀ kò bá jẹ́ irú tirẹ̀, iná á máa fò láàárín rẹ̀ títí tí á fi yọ́.

Bí a ṣe ń tò ó

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ bọ́ òrùka, ṣéènì àti aago ọwọ́. Ẹ wọ awò ojú. Sẹ́ẹ̀lì LFP kan kò lè gbé yín bí iná ilé, ṣùgbọ́n bí irin bá kan ojú rẹ̀ méjèèjì, irin náà á pọ́n ràì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dá iṣẹ́ yìí ṣe, ẹ má sì ṣe é níbi tí ọmọdé ń sáré kiri.

Ìgbésẹ̀ 1: Àyẹ̀wò. Ẹ fi míítà ka sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó bá wú, tó ń jò, tàbí tí ìwọ̀n rẹ̀ jìnnà sí ti àwọn yòókù, ẹ dá a padà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ìmúdọ́gba. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ kún dọ́gba. Nínú àwọn tí a so ní orí sí ìdí, èyí tó bá kọ́kọ́ kún ló máa dá gbogbo wọn dúró, èyí tó bá kọ́kọ́ gbẹ náà ló máa pa iná gbogbo wọn. Ẹ so wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́: gbogbo pọ́sítíìfù pọ̀, gbogbo nẹ́gétíìfù pọ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ iná sí 3.65 V kí ẹ tó so ó mọ́ wọn, kí ẹ sì dúró títí iná tó ń wọlé yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó gba sùúrù. Bí sẹ́ẹ̀lì 16 náà bá kún dé ìdajì nìkan nígbà tí ẹ gbà wọ́n, ó ku 800 Ah. Ẹ̀rọ 10 A á lo wákàtí 80, ó ju ọjọ́ 3 lọ. Ẹ má fi í sílẹ̀ jáde, ẹ má sì fi í sílẹ̀ sùn. Ẹ máa pa á, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ìtòlẹ́sẹẹsẹ. Ẹ tú wọn ká, kí ẹ wá tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí pọ́sítíìfù ọ̀kan kọjú sí nẹ́gétíìfù èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ fi pátákó gíláàsì sí àárín wọn. Ẹ fi férémù dì wọ́n mú kí wọ́n má lè mì.

Ìgbésẹ̀ 4: Ìsopọ̀. Ẹ nu ojú wọn mọ́, kí ẹ fi ọ̀pá bàbà so wọ́n ní orí sí ìdí. Ẹ fún bóòtù ní ìwọ̀n tí ẹni tó ṣe sẹ́ẹ̀lì kọ sílẹ̀. Bí kò bá le tó, á máa gbóná. Bí ó bá le jù, á já ojú sẹ́ẹ̀lì.

Ìgbésẹ̀ 5: BMS. Ẹ so àwọn wáyà tín-ín-rín rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láti ìdí nẹ́gétíìfù àkọ́kọ́ lọ sókè. Kí ẹ tó ki ẹnu wáyà náà bọ BMS, ẹ kà á pẹ̀lú míítà. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ti kún, iye náà á máa gòkè ní nǹkan bí 3.3 V: 3.3, 6.6, 9.9, bẹ́ẹ̀ títí dé òpin. Bí iye kan bá fò tàbí tó padà sẹ́yìn, wáyà ti ṣìnà. Ẹ má kì í bọ̀ ọ́.

Ìgbésẹ̀ 6: Fíùsì. Ẹ fi í sún mọ́ pọ́sítíìfù bátìrì bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fíùsì kò ní olùgbèjà kankan. Inverter 5,000 W lè fa 104 A ní 48 V, nítorí náà fíùsì 125 A ló sábà máa ń bá a mu, bí wáyà bá lè gbé e.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìtò inverter. Ẹ jẹ́ kí ó dá gbígba iná dúró ní 55.2 V sí 56 V, kí ó sì dá ìlò dúró ní 48 V. Báyìí, BMS kò ní í sáré já iná lójoojúmọ́. Á dúró bí ẹ̀ṣọ́ ìkẹyìn.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìdánwò. Ẹ fi ohun kékeré dán an wò fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ohun tó tóbi. Ẹ fi tẹ̀mómítà ka gbogbo ibi ìsopọ̀. Ibi tó bá gbóná ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kò so dáadáa.

Ibi tó yẹ kó gbé

Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Nínú ọ̀rọ̀ bátìrì, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wí. Ìwé ìlànà PAS 63100, tó jáde ní 2024, sọ pé kí a má gbé bátìrì ilé sí àjà tàbí abẹ́ òrùlé, sí yàrá tí ènìyàn ń sùn, sí kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣí sínú yàrá bẹ́ẹ̀, tàbí sí àtẹ̀gùn àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a máa gbà sá jáde. Bó bá jẹ́ ìta ni, kí ó jìnnà tó mítà 1 sí ilẹ̀kùn, fèrèsé àti ihò afẹ́fẹ́. Ìwé náà kì í ṣe òfin fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ yóò tẹ̀ lé, adójútòfò náà sì lè bèèrè nípa rẹ̀.

Ẹ wá fi èyí wo àdúgbò yín. Bí ẹ bá ń gbé fúláàtì ní ilé gíga, tí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo wà fún gbogbo ènìyàn, kò sí ibi tó dára fún bátìrì tí ẹ tò fúnra yín. Ẹ má gbé e sí bákónì, ẹ má sì gbé e sí ẹnu ọ̀nà. Ìdílé tó wà lókè yín kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ní ilé tó ní ọgbà, ògiri ìta tàbí gáréèjì tí kò sí yàrá lókè rẹ̀ ló dára jù.

Thamesmead ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ilẹ̀ àbàtà ni wọ́n kọ́ ọ sí. Àwọn ará ibẹ̀ àkọ́kọ́ kó wọlé ní 1968. Nítorí ìkún omi alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 1953, àwọn tó kọ́kọ́ yàwòrán ìlú náà kò fi yàrá gbígbé sí ìsàlẹ̀. Gáréèjì ni wọ́n fi síbẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń gbé lókè. Thames Barrier, tó wà lẹ́bàá Woolwich, ti ń dáàbò bo agbègbè náà láti 1982. Síbẹ̀, bí ẹ bá gbé bátìrì sí ìsàlẹ̀, ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ fi pẹpẹ irin gbé e sókè. Omi àti bátìrì kì í ṣọ̀rẹ́.

Òtútù náà wà níbẹ̀. Ẹ má fi iná sí LFP nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá wà lábẹ́ 0°C. Lítíọ̀mù á lẹ̀ mọ́ ojú gíráfáìtì dípò kó wọ inú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á sì bàjẹ́ láìsí ariwo. BMS tó ní ẹ̀rọ ìka òtútù ni kí ẹ rà. Ní Nàìjíríà, ooru ni ọ̀tá: ẹ gbé e síbi tí oòrùn kì í pa, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí.

Òfin àti ìwé àṣẹ

Onílé. Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé Peabody, ti ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn, ẹ gba àṣẹ ní kíkọ kí ẹ tó ra sẹ́ẹ̀lì kan. Ẹni tó ra fúláàtì pẹ̀lú gbọ́dọ̀ wo ohun tí ìwé àdéhùn rẹ̀ sọ.

Iná ilé. Part P nínú òfin ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso iṣẹ́ iná nínú ilé. Ẹ lè to sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná tó forúkọ sílẹ̀ so inverter mọ́ àpótí fíùsì ilé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún ẹ̀ka tó ń bójú tó ilé kíkọ́: Greenwich fún Woolwich àti ìwọ̀-oòrùn Thamesmead, Bexley fún ìlà-oòrùn rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ wáyà iná. UK Power Networks ló ni wáyà tó wọ ilé yín. Bí inverter kò bá ju 16 A lọ, oníṣẹ́ iná á fi tó wọn létí láàárín ọjọ́ 28. G98 ni orúkọ ètò yẹn. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, G99 ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ tọrọ àṣẹ ṣáájú.

Owó. Láti ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2024, bátìrì ilé tí oníṣẹ́ bá rà tó sì fi sí ilé yín kò ní owó orí VAT, títí di ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2027. Sẹ́ẹ̀lì tí ẹ bá rà fúnra yín ní VAT ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ra iná tó ṣẹ́kù lábẹ́ Smart Export Guarantee máa ń bèèrè ìwé ẹ̀rí MCS tàbí irú rẹ̀, èyí tí ẹni tó ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í sábà ní. Ẹ ṣírò èyí mọ́ owó sẹ́ẹ̀lì kí ẹ tó sọ pé títò fúnra ẹni dínwó.

Adójútòfò. Ẹ sọ fún wọn. Bí ẹ bá fi pamọ́, ẹ lè san owó fún ọdún mẹ́wàá kí wọ́n má sì san nǹkan kan lọ́jọ́ tí ilé bá jó.

Bí ewu bá dé

Bátìrì tó ń wú, tó ń hó, tó ń rùn bí ọ̀dà, tàbí tó ń tú èéfín funfun, ẹ má dúró wò ó. Bí ẹ bá lè já ìjánu láìsún mọ́ èéfín, ẹ já a. Ẹ kó gbogbo ará ilé jáde, ẹ ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn yín, ẹ pe 999, kí ẹ sì sọ fún àwọn panápaná pé bátìrì lítíọ̀mù ni. Ẹ má padà wọlé nítorí páálí ìwé tàbí aṣọ. Bátìrì tó ti jó lè tún gbaná lẹ́yìn wákàtí tàbí ọjọ́ mélòó kan.

Fífi ránṣẹ́ sílé

Ẹ̀rọ ìgbanáṣẹ́ṣẹ́ tí ẹ ń gbé sápò kò gbọdọ̀ ju 100 Wh lọ nínú ọkọ̀ òfuurufú, àfi bí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà bá fún yín láṣẹ títí dé 160 Wh. Sẹ́ẹ̀lì LFP kan ṣoṣo tó jẹ́ 100 Ah jẹ́ 320 Wh. Nítorí náà, ẹyọ kan kò ṣeé gbé wọ ọkọ̀, yálà ní ọwọ́ tàbí nínú àpótí. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2016, bátìrì lítíọ̀mù tó dá wà kò ṣeé fi ránṣẹ́ bí ẹrù nínú ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé ènìyàn.

Ọkọ̀ ojú omi ló kù. Ẹrù eléwu ni wọ́n kà á sí níbẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni UN 3480. Ẹ sọ fún ẹni tó ń kó ẹrù yín. Ẹ má fi aṣọ àti ìrẹsì bò ó mọ́lẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù. Ẹrù àwọn ẹlòmíràn wà nínú kọntéínà kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ sì ń sùn lókè rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó sàn kí ẹ fi owó ránṣẹ́, kí àwọn ará ilé ra bátìrì tí wọ́n ti tò ní Èkó tàbí Ìbàdàn, níbi tí ẹni tó tà á ti lè wá tún un ṣe.

Àwọn ọ̀rọ̀ inú ojú ewé yìí

– Orí sí ìdí: síso pọ́sítíìfù ọ̀kan mọ́ nẹ́gétíìfù èkejì. Fóòtì ló ń pọ̀ sí i.
– Ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́: síso pọ́sítíìfù mọ́ pọ́sítíìfù, nẹ́gétíìfù mọ́ nẹ́gétíìfù. Ah ló ń pọ̀ sí i.
– Ìmúdọ́gba: mímú kí gbogbo sẹ́ẹ̀lì kún ní ìwọ̀n kan náà.
– Ìjánu iná: ohun tó ń já iná bó bá pọ̀ jù, orúkọ tí a fún un láti ara ìjánu ẹṣin.
– Adójútòfò: ẹni tó ń san owó nígbà tí òfò bá ṣẹlẹ̀.
– Panápaná: òṣìṣẹ́ tó ń pa iná.
– Iná sọ: iná bẹ́ sílẹ̀, nǹkan ń jó.

Ìtàkùrọ̀sọ kúkúrú

Ọmọ: Ẹ kú iṣẹ́, Dádì. Ibo lẹ fẹ́ gbé bátìrì yẹn sí?
Bàbá: Àjà lókè ni. Kò ní í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níbẹ̀.
Ọmọ: Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, a ò lè gbé e síbẹ̀. Bí iná bá sọ lóru, orí wa ló wà.
Bàbá: Ibo wá ni ká gbé e sí?
Ọmọ: Ògiri gáréèjì, lórí pẹpẹ, kó jìnnà sí ilẹ̀kùn.
Bàbá: Ó dáa. Pe oníṣẹ́ iná yẹn kó wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé.
Ọmọ: Mo ti pè é, sà. Ó ní ká má tíì so nǹkan kan.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ọmọ náà kò sọ pé "rárá" sí bàbá rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́" ló fi bẹ̀rẹ̀, "a ò lè" ló sì lò, kì í ṣe "ẹ ò lè". Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ fún àgbà láìrí i fín.

Ẹ dán ara yín wò

1. Sẹ́ẹ̀lì LFP 8 tí a so ní orí sí ìdí, fóòtì mélòó ni?
2. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 100 Ah, kWh mélòó ni gbogbo rẹ̀?
3. Ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé fún àgbàlagbà kan ìdí tí bátìrì kò fi gbọdọ̀ wà ní àjà.

Ìdáhùn: (1) 25.6 V. (2) 2.56 kWh. Ẹ̀kẹta, ẹ bá àgbàlagbà kan nínú ilé yín sọ ọ́, kí ẹ gbọ́ èsì rẹ̀.